Bí Mo Ṣe Lọ Gbé Orin Ìyá Orin Bọ̀ láti Àjàṣẹ́

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí í ṣọ́ àlọ ẹni, tí í sì í ṣọ́ àbọ̀. Òun ló jẹ́ kí n pẹ́ láyé tó ẹni tí í jókòó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tí orúnkún ṣì lágbára. Mo dúpẹ́ fún ọ̀nà tí kò gbé mi mì, àti fún àwọn tí mo bá nídìí oúnjẹ wọn tí wọn kò fi ojú àjèjì wò mí. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láìdúpẹ́, ẹnu mi á wúwo.

Ní ìparí àwọn ọdún 1990, èmi ni akọ̀wé ìjọ aláṣọ funfun kan ní Òkókómaikò. Ìbà ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, lẹ́yìn yunifásítì tó ti ń ṣiṣẹ́. “Sístà Akọ̀wé” ni gbogbo ìjọ ń pè mí, débi pé àwọn mìíràn kò mọ orúkọ tí bàbá mi sọ mí. Ìjọ ra kọ̀mpútà tòkunbọ̀ kan ní Àlàbá, wọ́n gbàdúrà lé e lórí, wọ́n sì fi èmi tí mo mọ táìpù ú tẹ̀ sídìí rẹ̀.

Iṣẹ́ tó tóbi jù tí mo fi kọ̀mpútà náà ṣe ni orin Ìyá Orin. Ìyá Orin jẹ́ àgbàlagbà obìnrin ará Ìfọ̀ tó ń ta ọṣẹ dúdú ní Ajáńgbádì. Kò mọ̀wé kà rárá, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Ẹ̀mí ti ń fún un ní orin, nígbà mìíràn lójú àlá, nígbà mìíràn nídìí ìkòkò ọṣẹ. Ìjọ mọ bí ogún nínú wọn sórí. Ìyókù, ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n wà. Fún ọdún méjì, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, á jókòó tì mí, á yọ gèlè rẹ̀ sórí itan, á máa kọrin, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Bí mo bá ní kó tún un kọ, á ní, “Sístà, ṣé etí rẹ ló ń jẹun ni?” Igba orin ó lé mẹ́ta la tẹ̀ báyìí. Ohùn rẹ̀ ìgbà náà, bí mo bá pa ojú dé, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, ẹ̀gbà kọlu Ìyá. Ó mú apá ọ̀tún rẹ̀, ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni” nìkan ló kù tó lè sọ. Bí wọ́n bá bi í bóyá ebi ń pa á, “Bẹ́ẹ̀ ni.” Bí wọ́n bá bi í bóyá ó ti yó, “Bẹ́ẹ̀ ni.”

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì sí i tí iná ọba fi dé pẹ̀lú agbára ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tó sì jó kọ̀mpútà ìjọ. Ọkàn mi kò kọ́kọ́ dàrú. Mo ti da gbogbo orin náà kọ sórí dísíkẹ́ẹ̀tì mẹ́fà, mo sì ti kó wọn sí yàrá ìmúra àwọn àlùfáà. Àmọ́ nígbà tí mo kó wọn lọ sọ́dọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀mpútà ṣe ní Àlàbá, kò sí ohunkóhun lórí ìkankan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ní kí n sọ ibi tí mo kó wọn sí gan-an.

Mo ní, “Orí gbohùngbohùn ìjọ ni, sípíkà ńlá náà. Òun ló ga jù nínú yàrá náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó o, ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò kàn án, èéfín tùràrí sì ń kọjá lórí rẹ̀.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, ó sì dákẹ́. “Sístà, òòfà ńlá ló wà nínú gbohùngbohùn. Òòfà ló ń nu dísíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé òròmọdìẹ fún àwòdì pa mọ́ ni.”

Àyè mímọ́ ni mo wá fún orin Ìyá, mo sì fi ọwọ́ ara mi pa á rẹ́. N kò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tí mo lè ronú kàn: Alàgbà Sẹ̀wánú. Ọmọ Ẹ̀gùn ni, olùkọ́ ilé ìwé ni ní Àjàṣẹ́, lẹ́yìn ibodè Sẹ̀mẹ̀, ó sì ń jọ́sìn ní ẹ̀ka ìjọ wa tó wà níbẹ̀. Nígbà Ìkórè ọdún tó ṣáájú, ó wá sọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ẹ̀rọ kan, ó sì da orin Ìyá kọ sínú rẹ̀ kí ó lè túmọ̀ wọn sí èdè Ẹ̀gùn. Hádì díìsìkì ni ẹ̀rọ náà, irú èyí tí a máa ń ní nínú kọ̀mpútà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń gbé ìta. Àpótí irin ni, ó nípọn tó Bíbélì orí pẹpẹ, ó ní okùn kan tó ń lọ síbi iná, òmíràn tó ń lọ sẹ́yìn kọ̀mpútà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ènìyàn ń gbé ìrántí kọ̀mpútà sábẹ́ apá rìn.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó ní, “Láti ọdún tó kọjá? Ṣé kò ní ti kó nǹkan mìíràn sí i?”

“N kò mọ̀.”

“Máa lọ. Bí o bá jókòó síbí, o kò ní mọ̀ náà.”

Bí mo ṣe jáde ní Ìbà nìyẹn ní ìdájí ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù ọyẹ́. Ọkọ mi gbàdúrà lé mi lórí lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ṣúẹ́tà rẹ̀ bò mí léjìká. Náírà mẹ́wàá ni ọ̀kadà gbà dé Òkókómaikò. Ọyẹ́ náà pọ̀ débi pé iná ẹnu géètì yunifásítì dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ń wo fìtílà láti inú wàrà. Ní gáréèjì, ọkọ̀ Pijó tó ń lọ Sẹ̀mẹ̀ ń gba ọgọ́rin náírà lórí ẹnì kan. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo bọ́ sí, orúnkún mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n mi.

Dírẹ́bà náà, bàbá kan tó ń jẹ obì, wò mí nínú dígí. “Sístà, kí lẹ fẹ́ lọ rà? Aṣọ ni àbí ìrẹsì?”

“N kò ra nǹkan kan, bàbá. Orin ni mo fẹ́ lọ gbé.”

“Orin? Ṣé èyí tó wà l'Ékòó ò tó yín ni?”

“Èyí tí mò ń wá kò sí l'Ékòó mọ́.”

Ó jẹ obì rẹ̀ díẹ̀. “Ó dáa. Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀, mi ò ní gba owó ẹrù lé orin.” Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo ti ń fẹ́ rẹ́rìn-ín láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀nà fẹ̀, ó sì dán títí a fi kọjá oríta Agbára. Lẹ́yìn ìyẹn, ihò bẹ̀rẹ̀, dírẹ́bà sì ń yà sọ́tùn-ún sósì bí ẹni tó ń jó. Nígbà tí a fi máa dé ẹ̀bá Àgbádárìgì, oòrùn ti yọ, ó pọ́n rúsúrúsú lẹ́yìn àwọn igi àgbọn. Ní Sẹ̀mẹ̀, mo fi káàdì iṣẹ́ mi hàn, mo ṣẹ́ owó. Sẹfà ni wọ́n ń ná níbẹ̀. Náírà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo fi gba ọgọ́rùn-ún sẹfà kọ̀ọ̀kan.

Bí ènìyàn bá ti kọjá ibodè, ojú ọ̀nà yàtọ̀. Epo mọ́tò ni wọ́n tò sínú ìgò lẹ́bàá títì bí a ṣe ń to epo pupa lọ́dọ̀ wa, wọ́n sì ní láti ọ̀dọ̀ wa náà ló ti wá. Àwọn obìnrin fúnra wọn ń gun alùpùpù, ọmọ lẹ́yìn, agbọ̀n níwájú, láìsí ẹni tó ń wò wọ́n. Ọ̀kadà tiwọn ń jẹ́ zẹ́míjàn. Ẹni tó gbé mi sọ fún mi pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni “gbé mi kíákíá.” Aṣọ kan náà ni wọ́n ń wọ̀, nọ́ńbà sì wà lẹ́yìn aṣọ náà. Lọ́dọ̀ wa, ohun tó bá wu ọlọ́kadà ló ń wọ̀, bí ó bá tiẹ̀ wọ bàtà.

A gba orí afárá tó wà lórí ọ̀sà wọ Àjàṣẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ pupa, ògiri ilé pupa, ìlú náà sì rọra ń jí bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé. Nígbà tí mo dé ilé Alàgbà Sẹ̀wánú, Afíáví ìyàwó rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. “Kúabọ̀,” ló wí. Kò sí ìdí láti túmọ̀ ìyẹn fún ọmọ Yorùbá. Lọ́dọ̀ wa, bí àlejò bá dé ní kùtùkùtù, “Ṣé kò sí?” la ó kọ́kọ́ bi í. Níbẹ̀, omi ló kọ́kọ́ dé. Afíáví mu díẹ̀ nínú rẹ̀ lójú mi kí ó tó gbé e fún mi. Títí mo fi mu ún tán, kò sí ẹni tó bi mí ohun tí mo wá ṣe.

Mo wá sọ ọ́. Mo sọ ti ẹ̀gbà, mo sọ ti iná, mo sọ ti gbohùngbohùn. Alàgbà Sẹ̀wánú fi ọwọ́ bo ojú.

Mo ní, “Alàgbà, ẹ̀rọ náà dà?”

“Ó wà. Kò kàn sí nílé ni.”

“Ṣé ẹ yá ẹnì kan ni?”

“Rárá. Kì í sùn síbí ni. Kọ̀mpútà ló ń sùn síbí. Ẹ̀dà kì í sùn sílé kan náà pẹ̀lú ojúlówó. Bí iná bá jó ilé mi, kò ní jó ilé Àlájì tó wà ní òdìkejì ọ̀nà.” Ó ní ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta, òun á lọ gbé e wá, òun á da iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà kọ sínú rẹ̀, òun á sì gbé e padà kí ọbẹ̀ alẹ́ tó jinná.

Afíáví ní, “Sístà, bó ṣe ń gbé e kọjá títì ni kẹ́ ẹ rí. Ọwọ́ méjèèjì. Kò gbé ọmọ wa bẹ́ẹ̀ rí.”

“Ọmọ wa lè sunkún tó bá bọ́,” ni Alàgbà dá a lóhùn. “Èyí ò ní sunkún.”

Àlájì náà, tó jẹ́ télọ̀, ti lọ kírun Jímọ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lápò rẹ̀. A ní láti dúró. Afíáví gbé akasà wá, irú ẹ̀kọ tiwọn, ó rọ̀ ju tiwa lọ, wọ́n sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹja díndín àti ata tútù lílọ̀. Ó ní àádọ́jọ sẹfà ni òun rà á. Ó dùn. Ojú ilé Àlájì ni mò ń wò, bí ẹni tó ń dúró de èsì dókítà.

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni Àlájì dé pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ó gbé agolo bisikíìtì ńlá kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìrẹsì gbígbẹ ló wà nínú rẹ̀ láti máa fa ọ̀rinrin ọ̀sà, ó sì fi aṣọ funfun wé ẹ̀rọ náà sáàrin ìrẹsì. Ó fún Alàgbà, ó wò mí. “Ṣé ẹnì kan ló kú, ìyá, tí ojú yín fi rí báyìí?”

“A kò tíì mọ̀, Àlájì.”

“Ọlọ́run á jẹ́ kó wà láàyè.” Ó sì tẹ̀ lé wa wọlé láìpè é.

Alàgbà so okùn méjèèjì mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà kùn, ó ké kín-ín, ó tan iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Ó ní àwọn onífaransé ń pe irú ìpamọ́ yìí ní “sófúgáàdì,” pé gbígbàlà àti ṣíṣọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo náà. Ìyẹn wọ̀ mí lọ́kàn, nítorí bí a ṣe ń gbàdúrà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ yí padà bó ṣe ń wá a.

“Alàgbà, kí ló dé?”

“Àyè tán nínú rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Mo pa àwọn nǹkan kan rẹ́.”

“Èwo lẹ pa rẹ́?”

“Ìdánwò àwọn ọmọ ilé ìwé ni. Àti àwọn nǹkan mìíràn. Sístà, n kò rántí gbogbo rẹ̀.”

Mo ń gbọ́ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń kùn. Mo rí Ìyá tó yọ gèlè sórí itan, mo sì sọ lọ́kàn mi pé, Olúwa, má jẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo pa orin ọgbọ̀n ọdún.

Afíáví na ọwọ́ sójú kọ̀mpútà. “Ìwọ tó o ń túmọ̀ wọn sí Ẹ̀gùn, ṣé kì í ṣe sínú ‘Hàn’ lo kó wọn sí?” Hàn ni Ẹ̀gùn ń pe orin.

Ó ṣí i. Orin àkọ́kọ́ jáde, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́:

Ẹni tó mọ iye irun orí mi,
Kò gbàgbé orúkọ mi rí.
Bí mo bá gbàgbé Rẹ̀ lọ́nà oko,
Á pè mí wálé kílẹ̀ tó ṣú.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀. Àlájì ní “Àlùhámúdùlílàhì,” Alàgbà ní “Halelúyà,” àmín kan náà la sì jùmọ̀ ṣe. A kà wọ́n. Orin méjìdínláàádọ́sàn-án ló wà níbẹ̀. Àwọn márùndínlógójì tí mo tẹ̀ lẹ́yìn tí Alàgbà ti padà sílé kò sí, n kò sì mọ ẹni tó tún lè fún mi ní wọn.

Alàgbà tẹ orin ogójì jáde sórí ìwé kí n lè rí nǹkan kà fún Ìyá, títí tàdáwà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ tó ti ń ṣá tẹ́lẹ̀ fi tán. Ó wá fi aṣọ wé hádì díìsìkì náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú agolo àti ìrẹsì rẹ̀. “Ẹ gbé e lọ. Ẹ dà á kọ dáadáa, kẹ́ ẹ sì gbé e padà wá ní Àjíǹde.”

Ní ibodè, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ ìjọba ti ọ̀dọ̀ wa ṣí agolo náà. Ó fi ìka tú ìrẹsì, ó rí irin. “Kí lèyí?”

“Orin ìjọ wa ni, ọ̀gá.”

“Irin ni mò ń wò, ẹ ní orin ni. Ó dáa, ẹ kọ ọ́ ká gbọ́.”

Mo kọ ọ́ níbẹ̀, láàárín àpò ìrẹsì àti àwọn adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ láìwòwé. Nígbà tí mo dúró, ó ní, “Ṣé ó tán ni?” Mo ní kò tán, ìyókù wà nínú irin. Ó bo agolo náà jẹ́jẹ́. “Ẹ máa lọ, Màmá. Ẹ wá ìyókù kọ́.”

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí mo sọ̀ ní oríta Ajáńgbádì, n kò sì tíì lọ sílé tí mo fi yà sọ́dọ̀ Ìyá. Bọ́sẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ṣílẹ̀kùn fún mi, ó sì padà sẹ́yìnkùlé lọ wo iná. Ilé náà dákẹ́. Láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti dé, gbogbo ìjọ ti fẹnu kò pé a kò ní kọ orin Ìyá nínú ilé rẹ̀ mọ́, kí ọkàn rẹ̀ má baà bàjẹ́. Àdúrà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nìkan la ń gbà níbẹ̀.

Mo jókòó tì í lórí ẹní. Mo ní, “Ìyá, mo ti rí orin yín.”

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ló wí, ó sì ń wo òrùlé.

Mo yọ ìwé jáde, mo bẹ̀rẹ̀ sí kà á bí ẹni tó ń ka lẹ́tà. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Nígbà tí mo dé ẹsẹ kejì, tàdáwà ti ṣá jù, n kò rí ọ̀rọ̀ náà mọ́. Láìronú, mo bẹ̀rẹ̀ sí fi ohùn wá a, bí ènìyàn ṣe ń fi ọwọ́ wá ilẹ̀kùn nínú òkùnkùn. Mo kọ ẹsẹ àkọ́kọ́ tán, mo bọ́ sí ìkejì, mo sì dúró níbi tí n kò mọ̀.

Ìyá gbà á lẹ́nu mi.

Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, ẹnu rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ náà jáde, ọ̀kọ̀ọ̀kan, lódindi. Ó kọ ẹsẹ kejì, ó kọ ìkẹta. Láti ẹ̀yìnkùlé, Bọ́sẹ̀ ní, “Sístà Akọ̀wé, ta ló wà lọ́dọ̀ yín tó ń kọrin?” Ó wọlé, ó dúró ti ògiri.

Nígbà tí orin parí, mo bi Ìyá bóyá ó fẹ́ omi. “Bẹ́ẹ̀ ni.” Bóyá kò fẹ́. “Bẹ́ẹ̀ ni.” Ọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbà gbà. Kò gba orin. Láti ìgbà náà ni orin ti jókòó sẹ́nu rẹ̀, tí àwa tí a fẹ́ràn rẹ̀ sì fi ìfẹ́ dákẹ́ lé e lórí.

Láti Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mò ń kọrin sí i, ó ń gbà á lẹ́nu mi. Nígbà tí a kọ gbogbo èyí tó wà nínú hádì díìsìkì tán, orin kan ń fa òmíràn jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sínú àwọn tó sọnù. Nínú márùndínlógójì, méjìlélógún padà wá. Mẹ́tàlá kò padà títí Olúwa fi pè é sílé nígbà òjò ọdún kejì. Ìjọ ra kọ̀mpútà mìíràn àti hádì díìsìkì tiwa, mo sì gbé ti Alàgbà padà fún un ní Àjíǹde. Ní gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo ń da iṣẹ́ kọ sínú rẹ̀, mo ń gbé e láti Òkókómaikò lọ sílé Bọ́sẹ̀ ní Ajáńgbádì lọ sùn. Mo ṣì ń ṣàárò ìrìn náà.

Ohun tí ìrìn àjò Àjàṣẹ́ kọ́ mi kò pọ̀. Kí ènìyàn da ohun tó ṣọ̀wọ́n kọ ní ẹ̀dà, kí ẹ̀dà náà má sì sùn sílé kan pẹ̀lú ojúlówó. Èyí sì tóbi jù: bí ẹni tí o fẹ́ràn kò bá lè sọ̀rọ̀ mọ́, má ṣe bá a dákẹ́. Orin mẹ́tàlá ló kọ́ mi ní ìyẹn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì wà nítòsí ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí a fi ń ṣe kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun rere tó fi sí ọ lẹ́nu bá ọ wọlẹ̀. Kí ó fún ọ ní ẹni tí yóò bẹ̀rẹ̀ ẹsẹ orin fún ọ lọ́jọ́ tí ìwọ kò bá lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àmín.